Ilé ìwòsàn ojú tí wọ́n ti bi mí léèrè ẹ̀yìn mi

"Bàbá, ẹ máa bọ̀."

Bí nọ́ọ̀sì ṣe pè mí nìyẹn. Mo bojú wẹ̀yìn bóyá bàbá kan jókòó síbẹ̀, n ò rí ẹnì kankan. Èmi ló ń bá wí. Ọmọ ọdún 36 ni mí o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí bí mo ṣe tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ náà, tí mo fi ọwọ́ kan bo ojú ọ̀tún, tí mo fi ìkejì di ìbàdí mú, kí ló tún fẹ́ pè mí? Mo dìde, mo tẹ̀ lé e.

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn nínú márùn-ún. Ibi tí ẹyọ kan yòókù sọnù sí, màá débẹ̀. N ò ní dárúkọ wọn, torí mo ní ẹjọ́ kan í rò nípa fèrèsé wọn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n wà, lókè ilé alájà kan, ojú ilé náà sì kọ sí ìlà oòrùn. Ẹni tó bá nílò wọn lóòótọ́, kó bi mí níkọ̀kọ̀.

Aránṣọ ni mí, agbádá ni mò ń rán jù, ìtòsí Òkè-Ajé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọmọ Ìjẹ̀bú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í bi mí pé báwo ni ọwọ́ aránṣọ ṣe ń rí tí Iléyá bá ń bọ̀. Ọjọ́ kẹta ọdún ni Ojúde Ọba, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti mú aṣọ tirẹ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí ẹgbẹ́ kejì yọ ju òun lọ. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, agbádá 22 ló wà nílẹ̀, ó ku ọjọ́ 16. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mò ń ṣe iṣẹ́ ọnà ọrùn ọ̀kan lọ́wọ́, ni gílóòbù kékeré ara máṣíìnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi lójú. Gílóòbù tí mo ti ń lò láti ọdún mẹ́rin! Mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ojú ọ̀tún mi ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, omi ń dà lójú náà wọ̀ọ̀. Ìrora rẹ̀ kì í ṣe ti ojú tí nǹkan kó sí. Inú lọ́hùn-ún ló wà, bí ẹni tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò ti ẹyinjú rẹ̀ láti inú agbárí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ìmọ́lẹ̀. Mo di ojú ọ̀tún pa, mo tún fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, mo wá fi ojú òsì tí nǹkan kan kò ṣe wo ìta. Ojú ọ̀tún tí mo bò mọ́lẹ̀ náà ló ta mí! Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ta ni yóò gbà á gbọ́?

"Àpólò!" Ìyá tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì níwájú mi ló pariwo bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi gbé àpótí wọn, wọ́n sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ gba ṣòkòtò ní kí n jù ú sí òun. (Ọdún 1969 ni ojú pípọ́n tí a ń pè bẹ́ẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, ọdún yẹn náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà gun Apollo 11 lọ sínú òṣùpá, orúkọ ọkọ̀ yẹn ló sì lẹ̀ mọ́ àrùn ojú lára títí dòní. Ìyá mi àgbà kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé eruku òṣùpá ni wọ́n kó wálé.) Èmi náà gbà pé Àpólò ni. Bẹ́ẹ̀ mo ti ní Àpólò rí, nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìpín máa ń lẹ ìpéǹpéjú pọ̀ láàárọ̀ títí wọ́n á fi fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rẹ̀ ẹ́, ojú á máa yún èèyàn, kì í sì í pẹ́ kó tó ran ojú kejì. Eléyìí kò ní ìpín, kò yún mi, ojú kan ṣoṣo ló dúró sí. Ó yẹ kí n ti fura.

Ní kẹ́mísìtì, ẹni tó ń ta oògùn kò jẹ́ kí n sún mọ́ òun. Ó ju chloramphenicol sórí káńtà, ó fi rúlà ọmọ iléèwé ti ṣéńjì mi sí mi. Oògùn yẹn kò burú fún ẹni tí kòkòrò wà lójú rẹ̀. Lójú tèmi, omi lásán ni. Mo kán an fún odidi ọjọ́ márùn-ún. Láàárín ọjọ́ náà, aládùúgbò kan ní kí n fi ìtọ̀ àárọ̀ fọ ojú, òmíràn ní omi ṣúgà ni, àǹtí mi kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ pè pé omi ọyàn ló dáa jù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ìyàwó mi kò fún ọmọ lọ́mú lákòókò yẹn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Àìkú, bí ẹni ń wo ọjà láti inú ọ̀rá ni mo ṣe ń ríran. Mo wo ilé ìwòsàn yìí lọ, ilẹ̀kùn wọn wà ní títì. Wọn kì í ṣí ní Sátidé, wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ fi ìdajì ìràwọ̀ yẹn síbẹ̀ ná.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, aago méje ààbọ̀, mo ti débẹ̀. Mo yá jígí dúdú ọmọ iṣẹ́ mi, èyí tó máa ń wọ̀ lọ sóde ìgbéyàwó, ó ní wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kótópó tí ọ̀kadà bá kó sí, ẹ̀yìn mi ló ń lọ. Ọmọbìnrin tó ń kọ kádì kò burú, ó kàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń polówó ni. "Ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ bọ́ sí bẹ́ǹṣì ìgun yẹn!" Gbogbo èèyàn yíjú wò mí. Bẹ́ǹṣì onípákó ni, kò ní ìfẹ̀yìntì. Èyí tó wá burú jù ni fèrèsé. Ó tóbi tó ẹnu ọ̀nà gáréèjì, oòrùn òwúrọ̀ ń wọlé gbuuru, kò sí kọ́tìnì, kò sí bébà lára jígí, kò sí nǹkan kan. Èèyàn bíi méjìlá tí ojú ń dùn jókòó kọjú sí i bí adìyẹ tó ń yá oòrùn. Ilé ìwòsàn ojú mà nìyẹn o! Ìràwọ̀ yẹn ti lọ pátápátá níbẹ̀.

Tí mo bá jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀yìn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Torí náà mo ń dìde, mò ń rìn lọ rìn bọ̀. "Bàbá, ẹ jókòó o, ó máa kàn yín." Aago mẹ́wàá kọjá 40 ìṣẹ́jú ló tó kàn mí. Wọ́n ti ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri. Ojú òsì kà á dé ìlà tó kéré jù, ojú ọ̀tún kò kọjá ìlà kejì.

Dókítà náà, obìnrin ni, ó lè fi ọdún díẹ̀ kéré sí màmá mi, jígí tirẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní slit lamp, kí n fi iwájú orí kan ọ̀já tó wà lókè. Àgbọ̀n mi débẹ̀, iwájú orí mi kò kàn án. Ó ní kí n gbé ọrùn sókè díẹ̀. Mo ní ibi tó mọ nìyẹn. Ó wo ọrùn mi, kò bínú. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan, tábìlì bá rọra ń lọ sílẹ̀, ó tì í wá bá mi níbi tí orí mi wà. Ó wo inú ojú náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ohun tí ń kò retí.

"Ọrùn yín yìí, ọjọ́ wo ló ti rí báyìí?"

"Ó ti pẹ́ mà. Máṣíìnì ni."

"Ẹ̀yìn ńkọ́? Ṣé ó máa ń gan láàárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ó máa ń tó wákàtí kan kó tó dẹ̀?"

"Ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn."

"Tí ẹ bá sinmi ńkọ́, ṣé ó ń rọ̀ ni àbí ó ń le sí i?"

Mo dákẹ́. Láti ọdún 14, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Ó ń le sí i. Tí mo bá rìn, á rọ̀. Lóru, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, òun ló máa ń jí mi, màá dìde lọ rìn yí ilé ká. Ó gbé bírò sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọdún 14 yẹn. Ọmọ ọdún 22 ni mí, mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, nígbà tí ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Màmá mi ní, "Àkànní, jẹ̀díjẹ̀dí ni, ṣúgà rẹ ló pọ̀ jù." Kò sí ẹni tó jiyàn. Nílẹ̀ wa, ìbàdí kì í dun ọkùnrin lásán, jẹ̀dí ni wọ́n máa pè é. Mo mu àgbo jẹ̀dí onírin, mo mu ti inú ìgò, mo mu èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ. Wọ́n gba ṣúgà lọ́wọ́ mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, gàrí tó kan yìí ni gàrí wa, wọ́n sì ní kí n máa mu ún láìsí ṣúgà fún ọdún 14! Ọ̀gá mi ní tirẹ̀ ní ìjókòó ni, pé kò sí aránṣọ tí ẹ̀yìn kì í dùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwọn yòókù máa ń rọ̀ tí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Ìgbà tí tiwọn bá rọ̀ ni tèmi ń bẹ̀rẹ̀.

Dókítà yìí ní ojú àti ẹ̀yìn, àìsàn kan náà ló ṣeé ṣe kó wà nídìí méjèèjì. Ó ní àìsàn ẹ̀yìn kan wà tí wọ́n ń pè ní ankylosing spondylitis, pé ara ló ń bá ara rẹ̀ jà, á máa dáná sí oríkèé egungun ẹ̀yìn títí egungun náà á fi lẹ̀ pọ̀. Nínú ẹni 100 tó bá ní in, bíi 25 sí 30 ni iná náà máa dé ojú wọn lọ́jọ́ kan. Ìyẹn ni anterior uveitis, àwọn mìíràn ń pè é ní iritis. Kì í ràn. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ sá fún mi ní Òkè-Ajé: kì í ràn!

Mo bi í pé kí ló rí nínú ojú mi. Ó ní ṣé mo ti rí bí eruku ṣe máa ń fò nínú ìtànṣán oòrùn tó bá gba ihò páànù wọlé? Mo ní mo ti rí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni inú ojú mi rí lábẹ́ iná ẹ̀rọ náà, pé ohun tó ń fò yẹn, èròjà ẹ̀jẹ̀ funfun ni, kò sì yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀. Ó tún ní awọ dúdú tó yí ọmọlójú ká ti ń lẹ̀ mọ́ awò tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bíi gọ́ọ̀mùsitéè?" ni mo wí.

Kò mọ gọ́ọ̀mùsitéè. Mo ṣàlàyé fún un: aṣọ tín-ín-rín tí à ń fi sínú kọ́là kó lè dúró. Tí áyọ́ọ̀nù bá kàn án lásán, èèyàn ṣì lè fà á kúrò. Tí áyọ́ọ̀nù bá pẹ́ lórí rẹ̀, aṣọ ló máa ya. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á máa fi ṣàlàyé fún àwọn aláìsàn láti òní lọ. Ó ní ọjọ́ márùn-ún tí mo fi kán oògùn tí kò kàn án ni áyọ́ọ̀nù fi pẹ́ lórí tèmi. Ibì kan ti lẹ̀ tí kò gbà kó já mọ́. Títí di òní, ọmọlójú ọ̀tún mi kò ṣe róbótó dáadáa, ó ní ẹnu kékeré kan nísàlẹ̀ bí ibi tí eku jẹ. Ìyàwó mi nìkan ló ń rí i.

Oògùn méjì ló kọ. Ọ̀kan ni prednisolone acetate, tó ń pa iná inú ojú, mo fẹ́ sọ ti ìlò rẹ̀ torí nọ́ọ̀sì tó pè mí ní Bàbá ló fi hàn mí, ó sì ṣe é dáadáa. Funfun ni, ó dà bí omi ògì, ó sì ń sílẹ̀ bí ògì. Téèyàn kò bá mi ìgò rẹ̀ dáadáa, omi orí rẹ̀ ló máa kán sójú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó jẹ́ oògùn gan-an á wà nísàlẹ̀ ìgò. Ó ní kí n mì ín, kí n fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ kó ṣe bí àpò, ẹ̀kán kan ti tó, kí n wá fi ìka tẹ kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú kó má baà ṣàn lọ sí ọ̀fun. Ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó kán ìkejì. Wákàtí wákàtí ni mo ń kán an ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, fóònù mi ń dún bí aago ṣọ́ọ̀ṣì. Oògùn yìí kò sí lọ́dọ̀ àwọn fúnra wọn o! Ilé oògùn kẹta tí mo wọ̀ níta ni mo ti rí i rà.

Ìkejì ni atropine, tó ń la ọmọlójú kí awọ yẹn lè fà kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Láàárín ọjọ́ méjì, ìrora náà ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n mo fi abẹ́rẹ́ síwájú, n kò rí ihò rẹ̀. Ojú tí atropine là kì í rí ohun tó bá sún mọ́ ọn. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń bá mi fi òwú sí abẹ́rẹ́, òun náà ló ṣe ọnà ọrùn tó kù, èmi ń fi ìka wá àṣìṣe rẹ̀ bí afọ́jú tó ń ka owó. A parí 19. Mo gbé mẹ́ta fún aránṣọ mìíràn, mo sì san owó rẹ̀ láti inú àpò mi.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ojú ti funfun. Mo fẹ́ dá oògùn dúró. Dókítà ti kìlọ̀ pé téèyàn bá já a lójijì, iná náà lè tún ràn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, tèmi gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n wọn ìfúnpá inú ojú mi, ó ti di 24. Láàárín 10 sí 21 ló yẹ kó wà. Ó ní oògùn tó ń wò mí sàn yẹn náà lè gbé e sókè, tó bá sì pẹ́ níbẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó lè ba iṣan ojú jẹ́. Ó fi oògùn mìíràn kún un, ó sì lọ sílẹ̀. Ẹ wá ro ti àwọn kẹ́mísìtì tó ń ta irú oògùn yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú òun pọ́n. Lọ́jọ́ yẹn náà, iná lọ nígbà tí àgbọ̀n mi wà lórí ẹ̀rọ, jẹnẹrétọ̀ kò ní epo, mo jókòó sínú òkùnkùn fún ogún ìṣẹ́jú. Ojú mi gbádùn rẹ̀, ẹ̀yìn mi kò gbádùn rẹ̀.

Ó fún mi ní lẹ́tà sí dókítà oríkèé ní Èkó. Fọ́tò X-ray fi hàn pé oríkèé tó so egungun ìbàdí mọ́ ẹ̀yìn ti ń lẹ̀ pọ̀ lápá méjèèjì. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún àmì àjogúnbá kan tí wọ́n ń pè ní HLA-B27, kò sí lára mi. Dókítà ní ìyẹn kò yí nǹkan padà, pé àwọn òyìnbó tó ní àìsàn yìí ló sábà máa ń ní àmì náà, ó ṣọ̀wọ́n láàárín wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àìsàn náà fúnra rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n níbí, ni kì í fi í tètè wá sọ́kàn àwọn tó ń tọ́jú wa. Naproxen, oògùn tó ń dín ìrora àti iná náà kù, ni mò ń lò báyìí pẹ̀lú oògùn tó ń dáàbò bo inú, mo sì ń ná ara láàárọ̀ àti lálẹ́. Abẹ́rẹ́ kan wà, adalimumab, tó ń bá ẹ̀yìn jà tó sì ń dín ìpadàbọ̀ ti ojú kù. Mo béèrè iye rẹ̀, mo kí dókítà pé ó dàárọ̀.

Ṣúgà ti padà sínú gàrí mi. Màmá mi kò tíì gbà.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, jígí dúdú oníwúrà yẹn ni mo wọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mò ń ka agbádá mi bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní owó ti ń gùn mí.

Nígbà tí mò ń parí ọ̀sẹ̀ kẹfà, dókítà fi bírò pupa kọ nǹkan sẹ́yìn kádì mi: tí ojú ẹni yìí bá pọ́n, kó wọlé tààrà. Ó ní ó lè padà wá, ó sì lè jẹ́ ojú kejì, kí n má jẹ́ kó sun oorun kan lójú mi. Ní oṣù kẹjọ lẹ́yìn náà, ojú òsì ni. Gílóòbù máṣíìnì náà ló tún kọ́kọ́ sọ fún mi, ní aago méje alẹ́. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀, mo ti na kádì sí ọmọbìnrin aláriwo yẹn. Ó rí bírò pupa, kò pariwo, ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Awọ náà kò tíì ráyè lẹ̀ rárá. Ọmọlójú òsì mi ṣe róbótó títí di òní.

Bí mo ṣe ń jáde lọ́jọ́ náà, fèrèsé yẹn ṣì wà bó ṣe wà, èèyàn mẹ́sàn-án jókòó kọjú sí i. Mo yọ téèpù lápò, mo wọ̀n ọ́n. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gbé kọ́tìnì aláwọ̀ ewé lọ fún wọn, mo fi aṣọ nípọn tẹ́ ẹ nínú, èmi fúnra mi ló gùn orí àga so ó kọ́. Akáwó wọn ní kí n padà wá gba owó lópin oṣù. Oṣù mẹ́ta rèé. Ìràwọ̀ karùn-ún wà lọ́wọ́ akáwó.